Ta Ni Alábàárìn? Àlàyé Lórí Iṣẹ́ Àwọn Tó Ń Bá Ẹni Tó Ń Bọ̀ Sípò Rìn

Ẹni tó bá ní ẹbí tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ ní Èkó, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábá, ní ilé ìwòsàn LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà, tàbí ní LASUTH ní Ìkẹjà, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ orúkọ kan tí kò yé e: peer supporter. Ẹ bi àwọn èèyàn ní Muṣin tàbí Ṣómólú pé iṣẹ́ wo ni onítọ̀hún ń ṣe, ìdáhùn wọn ò ní bára mu. Àwọn kan rò pé nọ́ọ̀sì ni. Àwọn kan ní oníwàásù ni. Àwọn òbí míì sì máa ń bínú nígbà tí wọ́n bá gbọ́ òótọ́ rẹ̀: "Ẹni tó ti fa kọ̀lórádò, oògùn olóró yẹn, títí orí rẹ̀ fi dàrú ni wọ́n fẹ́ kó wá gba ọmọ mi nímọ̀ràn?"

Ìbéèrè gidi ni, ó sì yẹ kí wọ́n rí ìdáhùn tó pé gbà. Mo ń kọ èyí torí pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń lé ẹni tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ jù lọ sẹ́yìn nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ò yé wọn, àwọn kan sì ń retí láti ọwọ́ rẹ̀ ohun tí kò sí ní ìkáwọ́ rẹ̀ rárá.

Kí la ń pè ní alábàárìn?

Ká kọ́kọ́ fìdí ọ̀rọ̀ mẹ́ta múlẹ̀. Àìsàn ọpọlọ ni àìsàn tó ń yí bí èèyàn ṣe ń ronú, bí nǹkan ṣe ń rí lára rẹ̀ àti bó ṣe ń hùwà padà. Kì í ṣe ẹni tó ń rìn ní ìhòòhò lójú títì nìkan ló ní in. Ẹni tí ìbànújẹ́ dè mọ́lẹ̀ débi pé kò lè dìde lọ wẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ wà níbẹ̀, ẹni tí àyà rẹ̀ ń já láìnídìí lójoojúmọ́ náà wà níbẹ̀. Bárakú ni kí ọtí tàbí oògùn gba ìjánu lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó: ó mọ̀ pé ó ń ba ayé òun jẹ́, síbẹ̀ agbára àtifi í sílẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Bíbọ̀sípò ni ìrìn tó tẹ̀lé e, nígbà tí èèyàn ń padà sínú ayé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń rí oorun sùn, tó ń jẹun, tó ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n tún ń fi ọ̀rọ̀ ẹbí lọ̀ ọ́. Kò pọn dandan kí àìsàn náà ti pòórá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lo oògùn wọn lálaalẹ́ tí wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ báńkì, iṣẹ́ tíṣà àti òwò ní Balógun.

Peer supporter, tí mo máa pè ní alábàárìn láti ìsinsìnyí lọ, ni ẹni tó ti la àìsàn ọpọlọ tàbí bárakú kọjá fúnra rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀ nínú bíbọ̀sípò, tó gba ẹ̀kọ́, tó sì wá ń bá ẹni tó ṣì wà nínú ìṣòro náà rìn lábẹ́ àbójútó. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pé. Bó bá ní ìrírí láìsí ẹ̀kọ́, aládùúgbò rere ni. Bó bá ní ẹ̀kọ́ láìsí ìrírí, òṣìṣẹ́ ìlera bíi tàwọn yòókù ni.

Ẹ rántí bí títì ṣe máa ń rí nígbà tí òjò oṣù keje bá rọ̀ mọ́jú. Omi ti bo ilẹ̀, ẹ ò mọ ibi tí gọ́tà wà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́nà kọjá á dúró lódìkejì, á máa juwọ́: "Ẹ má gba ọ̀tún o, ó ti já níbẹ̀. Ẹ rọra máa tẹ̀ lé ara ògiri." Kò gbé yín pọ̀n, kò sì fa omi náà gbẹ. Ohun tó mọ̀ nípa ọ̀nà yẹn ló ń fún yín, ẹ̀yin lẹ sì máa fi ẹsẹ̀ ara yín rìn ín. Iṣẹ́ alábàárìn ò jìnnà sí èyí.

Ibo ni irú iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá?

Ọjọ́ ti pẹ́. Ní ilé ìwòsàn Bicêtre ní ìlú Paris, ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean-Baptiste Pussin ló ń bójú tó ẹ̀ka àwọn alárùn ọpọlọ. Aláìsàn lòun náà ní ilé ìwòsàn yẹn kó tó di òṣìṣẹ́ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn ara ló gbé e débẹ̀. Bó bá fẹ́ gba òṣìṣẹ́, àárín àwọn tó ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ tí ara wọn ti yá ló máa ń wò, torí pé wọn kì í fìyà jẹ aláìsàn. Dókítà Philippe Pinel, tó dé Bicêtre ní 1793, kọ́ ọgbọ́n púpọ̀ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà la rí ti ọtí. Ní 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, Bill Wilson tó ń ṣòwò ìpín ìdókòwò pàdé Bob Smith tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn méjèèjì. Wilson ti kíyè sí i pé ìgbà tí òun bá ń bá ọ̀mùtí ẹlẹgbẹ́ òun sọ̀rọ̀ ni òun lè dúró láìmu. Ìjókòó àwọn méjèèjì yẹn ló di ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tó ti kárí ayé báyìí. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn níbẹ̀: ẹni tó ń ranni lọ́wọ́ náà ń rí ìrànlọ́wọ́ gbà nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ ọ̀fẹ́ ni tiwọn, kò sí ẹni tí wọ́n ń san owó fún pé ó wá ìpàdé. Ti alábàárìn tí à ń sọ yìí jẹ́ iṣẹ́. Ní 1999 ni ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ètò ìlera ìjọba san iṣẹ́ náà, nígbà tó sì di 2007, ìjọba àpapọ̀ wọn kọ̀wé sí gbogbo ìpínlẹ̀ nípa ohun tó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí wọ́n tó sanwó: kí òṣìṣẹ́ ìlera tó kúnjú òṣùwọ̀n máa bójú tó alábàárìn náà, kí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ètò ìtọ́jú aláìsàn, kó sì ti gba ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí. Nílẹ̀ Áfíríkà, ilé ìwòsàn ọpọlọ Butabika ní Kampala, lórílẹ̀-èdè Uganda, ti ń lo irú wọn.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ní 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, l'Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí kan tó tẹ̀ lé wọn wá, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ará abúlé kọ́ ni alábàárìn, torí wọn ò fi ara wọn rí àìsàn náà, ṣùgbọ́n Lámbò ti rí i láti ìgbà yẹn pé èèyàn kì í dá nìkan bọ̀ sípò. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti HIV: àwọn obìnrin tó ní kòkòrò náà, tí wọ́n sì ti bí ọmọ tí kò ní i, ń jókòó ti àwọn aláboyún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ èsì àyẹ̀wò wọn. Mentor mother ni wọ́n ń pè wọ́n ní kíníìkì. Ẹni tó bá ti rí wọn lẹ́nu iṣẹ́ ti mọ ìdajì ohun tí mò ń sọ.

Ṣé Èkó nílò wọn?

Èkó nílò wọn. Ìwádìí nípa lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà tí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2019 fi hàn pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3, láti ọmọ ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan, láìka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Èkó ló ga jù lọ, pẹ̀lú ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà ò sì tó 300, nígbà tí àwa ti ju igba mílíọ̀nù lọ. Ilé ìwòsàn Yábá ti wà láti 1907, èrò ò dín kù níbẹ̀ rí.

Ìyẹn ni pé dókítà lè rí ọmọ yín fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lóṣù. Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní àwọn ọjọ́ tó kù?

Kí ló ń ṣe gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ oògùn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Oògùn bíi haloperidol, tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tó ń gbọ́ ohùn, máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, á mú ọrùn gan, ahọ́n á wúwo, itọ́ á máa dà, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ ò sì ní lè dúró lójú kan. Ojú máa ń ti ọ̀dọ́kùnrin tí èyí bá ń ṣe láti sọ ọ́. Á kàn máa fi hóró oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n, á lọ tu ú sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá rẹ̀ á máa dúpẹ́ pé ó ń lò ó. Láìpẹ́, ohùn á padà, ará ilé á ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ẹbọ tàbí àwẹ̀ tuntun.

Alábàárìn tó ti lo irú oògùn yẹn rí mọ ojú àti ẹnu ẹni tó ń jìyà rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta kíníìkì, pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, tí wọ́n ń dúró kí wọ́n pe orúkọ. Ọ̀rọ̀ wọn lè lọ báyìí:

"Àbúrò, ṣé ọrùn yẹn ń gan?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín?"

"Ó ṣe èmi náà. Oògùn kan wà tí dókítà lè fi kún un tó máa tú ọrùn yẹn sílẹ̀, wọ́n sì lè dín èyí kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n má dá a dúró fúnra rẹ o. Mú bírò, jẹ́ ká kọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọ́ sílẹ̀, torí tí o bá wọlé tán, ẹ̀rù lè mú kó o gbàgbé."

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Alábàárìn náà ò júwe oògùn kankan. Kò ní kó jù ú nù, kò sì ní kó kàn máa fara dà á. Ó sọ ohun tó ṣe òun náà, ó sì ran ọmọ náà lọ́wọ́ kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀, ìwé á wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ọrùn gan, itọ́ ń dà, mi ò rí oorun sùn. Dókítà tí èrò pọ̀ níwájú rẹ̀ máa mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ti oògùn olóró ní ọ̀nà tiẹ̀. Ẹni tó bá ń fi tramadol sílẹ̀ á máa yán ṣáá, imú á máa dà, inú á máa ṣàn, òógùn á bò ó, ẹsẹ̀ á máa yún un láti inú egungun wá, kò sì ní fojú kan oorun. Ó máa rò pé òun ń kú lọ. Bí ẹni tó ti kọjá níbẹ̀ bá sọ fún un pé "àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ló burú jù, ó máa rọlẹ̀," ó máa ń gbà á gbọ́ ju bí èmi tàbí ẹ̀yin bá sọ ọ́ lọ.

Ibi méjì wà tí ìrírí láìsí ẹ̀kọ́ ti lè pani, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ka èyí rántí wọn. Ẹni tó ti ń mu ògógóró tàbí pàràgà láti àárọ̀ dalẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé dá a dúró nínú yàrá rẹ̀. Gìrì lè mú un, orí rẹ̀ lè dàrú, ó sì lè kú. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó ti dá a dúró, níbi tí wọ́n ti lè fún un ní oògùn tó máa dín ewu yẹn kù. Alábàárìn tó kọ́ṣẹ́ mọ èyí, kò ní sọ pé "bí èmi ṣe dá a dúró lọ́jọ́ kan náà nìyẹn, ìwọ náà ṣe bẹ́ẹ̀." Èkejì ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìtọ́jú lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, pàápàá tó bá jẹ́ oògùn bíi heroin tàbí tramadol ló ń lò. Ara rẹ̀ ò gba iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé tó padà sí iye yẹn, ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí nira láti sọ fún ẹni tí ẹ ń gbàdúrà pé kò ní padà sídìí ẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n alábàárìn ní láti sọ ọ́ fún un kó tó gbéra.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, àwọn nǹkan tí kò hàn sóde ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Á pè ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́ ń kó ara wọn jọ sí jọ́ǹtì. Á bá a ronú lórí ọ̀nà míì tó lè gbà délé tí kò ní kọjá níbẹ̀. Nígbà tí ara aláìsàn náà bá balẹ̀, wọ́n á jókòó kọ àwọn àmì tó máa ń ṣáájú ìfàsẹ́yìn tirẹ̀ sílẹ̀. Fún ẹnì kan, àìsùn mọ́jú ni; fún ẹlòmíì, ọ̀rọ̀ àsọjù àti ìnáwó bí ẹlẹ́dà; fún ẹlòmíì ẹ̀wẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí kò gbé fóònù. Ẹni tó yẹ kí wọ́n pè àti oògùn tó ti ṣiṣẹ́ fún un rí á wà nínú ìwé kan náà. Á sì máa bá ìyá sọ̀rọ̀ pẹ̀lú: "Màámi, mo mọ̀ pé ó dùn yín pé ó ta tẹlifíṣọ̀n yín. Tí ẹ bá ń rán an létí láràárọ̀, ibi tó ti tà á náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa gbé e padà sí."

Kí ni kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀?

Kì í sọ orúkọ àìsàn tó ń ṣe yín. Kì í júwe oògùn, kì í fúnni ní abẹ́rẹ́, kì í pàṣẹ pé kí ẹ dín èyí kù kí ẹ fi ìyẹn kún un. Kì í yá aláìsàn lówó, kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹbí lábẹ́lẹ̀. Kì í fẹ́ ẹni tó ń bá rìn, bó ti wù kí ọkàn àwọn méjèèjì fà sí ara wọn tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gba pẹ̀lẹ́. Ọ̀pọ̀ wa la kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ wòlíì, àlùfáà tàbí babaláwo, alábàárìn tó mọṣẹ́ kò sì ní bá yín jà nítorí ìyẹn. Ó lè jẹ́ onígbàgbọ́ tó múná. Kò ní fi ẹ̀sìn tirẹ̀ lé aláìsàn lórí, kò sì ní ní kó fi àdúrà rọ́pò oògùn. Ṣùgbọ́n tó bá débi tí wọ́n ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de èèyàn mọ́ òpó, tí wọ́n ń nà án tàbí tí wọ́n ń febi pa á, kò lè dákẹ́, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tó ń bójú tó o kíákíá.

Ṣé ẹni tí orí rẹ̀ dàrú rí ṣeé fọkàn tán?

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo èèyàn nìyí. Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí wèrè bá tilẹ̀ san, á ṣì ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Wọ́n tún ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ yẹn ti ba ayé ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ti tú ìgbéyàwó wọn ká, nígbà tí ara wọn ti yá tipẹ́.

Òótọ́ ni pé ìfàsẹ́yìn lè ṣẹlẹ̀ sí alábàárìn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì síṣẹ́, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ jókòó ṣáájú láti fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa ṣe bí ara tirẹ̀ ò bá yá: ta ló máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló máa sọ fún àwọn tó ń bá rìn, báwo ló ṣe máa padà. Bí wọ́n bá ti ṣètò bẹ́ẹ̀, àìsàn rẹ̀ ò ní já aláìsàn kankan jù sílẹ̀.

Ẹ̀rí náà sì wà. Ní England, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé èèyàn 441 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìtọ́jú pàjáwìrì fún àìsàn ọpọlọ. Wọ́n fún àwọn kan ní alábàárìn àti ìwé ètò bíbọ̀sípò; wọ́n fi ìwé náà nìkan ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Láàárín ọdún kan, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìwé nìkan ló tún padà sínú ìtọ́jú pàjáwìrì. Ti àwọn tó ní alábàárìn jẹ́ 29. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, The Lancet, ló gbé e jáde ní 2018. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, àwọn kan padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, mẹ́sàn-án wà tí ẹbí wọn ò tún fi òru gbé wọn sínú ọkọ̀.

Òfin tiwa ní Nàìjíríà pàápàá ti yí padà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 ló rọ́pò òfin àtijọ́ ti 1958, ó sì lòdì sí kí wọ́n máa fi àìsàn ọpọlọ dínà ẹ̀tọ́ mọ́ èèyàn.

Ṣé ó máa pa àṣírí mọ́?

Ó máa pa á mọ́, àyàfi níbi tí ẹ̀mí bá ti wà nínú ewu. Ohun tí aláìsàn bá sọ fún un nípa ọmọ tó bí síta, nípa olè tó jà nígbà tí oògùn ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò gbọ́dọ̀ dé etí ìyá rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp. Ó tún gbọ́dọ̀ sọ ààlà rẹ̀ fún aláìsàn náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Tí o bá sọ fún mi pé o fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ tàbí ti ẹlòmíì, tàbí tí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé, mi ò ní lè dá a gbé."

Ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹbí máa fi ẹni tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ pamọ́ sínú ilé. Òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Bó bá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ pe 767 tàbí 112, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó Sniper, ọ̀bẹ àti àwọn oògùn kúrò nítòsí rẹ̀. Bí alábàárìn bá wà níbẹ̀, ohun kan náà lòun náà máa ṣe.

Báwo lèèyàn ṣe ń di alábàárìn?

Ìrírí ni ẹnu ọ̀nà, kò tó láti fi ṣiṣẹ́. Ìlànà tí àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí gbé jáde ní 2023 dámọ̀ràn ẹ̀kọ́ wákàtí 40 sí 60. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ti kọ ìwé ìtọ́ni sórí rẹ̀ ní 2019, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ẹ̀kọ́ náà, wọ́n á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fetí sílẹ̀ láìdájọ́, bí wọ́n ṣe ń mọ àmì ewu, àti èyí tí mo rò pé ó le jù: bí èèyàn ṣe ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó máa ṣe ẹni tó wà níwájú rẹ̀ láǹfààní ló yẹ kó sọ. Bí aláìsàn bá ti ń rọ̀ ọ́ pé "Àǹtí, ẹ má sunkún mọ́," ó ti kọjá ààlà.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni àbójútó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnì kan, nọ́ọ̀sì, dókítà tàbí alábàárìn àgbà, tí wọ́n jọ ń jókòó déédéé, tó lè sọ fún pé: "Ọ̀rọ̀ tí ọmọbìnrin yẹn sọ lánàá, ó rán mi létí ohun tó ṣe mí, mi ò sùn." Ẹ má gba iṣẹ́ yìí níbi tí kò bá ti sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí àjọ náà lórúkọ tó. Iṣẹ́ yẹn máa tún ọgbẹ́ yín dá.

Ṣé wọ́n ń sanwó fún un?

Ó yẹ kí wọ́n san án. Àwọn àjọ kan máa ń ka alábàárìn sí ẹni tó ń fi ìmoore ṣiṣẹ́: wọ́n ti tọ́jú rẹ, ìwọ náà wá ṣèrànwọ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Yábá láti wá jókòó ti ẹlòmíì lórí bẹ́ǹṣì, tó sì ń fi káàdì fóònù ara rẹ̀ pè é lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí wọ́n bá pè yín sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè owó oṣù, owó ọkọ̀ àti owó káàdì kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ béèrè iye èèyàn tí wọ́n máa fà lé yín lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ máa lọ sí kíníìkì tiyín, torí ẹ̀yin náà ṣì ní káàdì ìtọ́jú níbì kan, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ pé wọn ò ní yọ ọ́ lára owó yín.